Ààyè Ẹnì Kan ní Títì Ore

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 1977, ènìyàn méjì dùbúlẹ̀ sínú koríko lẹ́bàá títì Oǹdó sí Ore, ààyè ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà nínú ọkọ̀ tó dúró láti gbé wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Fọlárìn, ọmọ onílẹ̀. Èkejì ni Monílọ́lá, ìyàwó àgbẹ̀ kan tó gba ilẹ̀ dá oko lọ́wọ́ bàbá Fọlárìn. Láoyè ni orúkọ àgbẹ̀ yẹn. Òun ni wọ́n ní kó sọ ẹni tí wọn yóò gbé.

Láoyè kì í ṣe òpè, kì í sì í ṣe ìkà. Ó yẹ kí a ti sọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìyẹn ṣe ibi ìsádi. Ará Ẹjìgbò ni. Ọdún kan tí òjò ṣe ìmẹ́lẹ́ ní ìlú wọn, tí iṣu tí wọ́n wà kò ju ìka ọmọdé lọ, ló tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí igbó Odigbo. Àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ ní ilẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ ní apá. Láoyè kọ́kọ́ fi apá yẹn ro koko olóko fún ọdún mélòó kan, ó sùn sí abà olóko, ó jẹ ẹ̀bà láìsí ẹran, títí Akínwọlé, bàbá Fọlárìn, fi ní òun yóò fún un ní ilẹ̀ díẹ̀ ní Omifunfun.

Igbó ni Akínwọlé fún un. Láoyè ló sọ ọ́ di oko. Ó ṣán an, ó bẹ́ igi, ó sun ún, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣáájú kí ewé rẹ̀ lè ṣíji bo koko kékeré, ó sì ń pọn omi láti odò wá wọ́n ọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí ẹni ń tọ́ ìkókó. Nígbà tí koko máa fi so, ó ti fẹ́ Monílọ́lá, ọmọ Ẹjìgbò bíi tirẹ̀, wọ́n sì ti bí ọmọbìnrin kan, Jésùtọ́pẹ́, tó wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ nílé nítorí ilé ìwé. Monílọ́lá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, kì í kó o jẹ. Òun ló ń fọ koko, tó ń sá a, tó sì ń mọ èyí tó ti gbẹ nípa fífi eyín gé e.

Akínwọlé jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀ láti Odigbo, ọmọ onílẹ̀, baba ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe ẹni burúkú lójú ara rẹ̀. Ó máa ń bèèrè ọmọ Láoyè lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rántí orúkọ ọmọ náà rí.

Láàárín àwọn bí Láoyè àti onílẹ̀, àṣà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó bá kọ́kọ́ jáde, ti onílẹ̀ ni. Koko tó bá kọ́kọ́ gbẹ lórí ẹní, Odigbo ló ń lọ kí àgbẹ̀ tó ta ẹyọ kan. Bí pàkúté bá mú ẹtu, itan kan ti kúrò nínú ìkòkò kí omi tó hó. Iṣu tuntun, epo tuntun, àkùkọ ọdún Kérésì, bákan náà ni. Bí ọmọ bá ń na ọwọ́ sí ẹran, ìyá rẹ̀ á gbá ọwọ́ náà sẹ́yìn, á ní, “Ti bàbá ná.” Wọn kì í tiẹ̀ pe bàbá wo, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kì í ṣe bàbá tó bí ọmọ náà. Láoyè ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ọ mọ́ nígbà tó bá ń ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì dé ni àwọn kọngílá agbaṣẹ́ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá igi àti ilẹ̀ káàkiri. Akínwọlé ta igi gẹdú tó wà nínú oko àwọn àlejò rẹ̀. Àwọn tó wá gé igi wó o lu koko Láoyè, ó sì run ọ̀pọ̀ rẹ̀. Nígbà tó lọ sọ fún Akínwọlé, bàbá náà ní kó fara dà á, pé igi ti wà níbẹ̀ kí koko tó dé. Òótọ́ ni, igi ti wà níbẹ̀ kí koko tó dé. Owó igi yẹn ni Akínwọlé fi ra píkọ́ọ̀pù tuntun, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé Fọlárìn lọ́wọ́.

Fọlárìn ni àkọ́bí rẹ̀. Ó ti gbé Èkó, ó ti ṣe iṣẹ́ oríṣi mẹ́ta níbẹ̀, kò sì dúró ti ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ báyìí ni kí ó máa kó koko àwọn àlejò bàbá rẹ̀ lọ sí Ore lọ́jọọjọ́ Sátidé. Ààyè ẹni méjì máa ń ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú. Àwọn àgbẹ̀ máa ń jókòó sórí àpò lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má jókòó síwájú.

Lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, Ajue ni Fọlárìn ti ń bọ̀. Ó ti lọ kí ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀, wọ́n sì ti fi ògógóró kí i káàbọ̀ dáadáa. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀ ní Omifunfun, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú kí ó má baà ṣubú. Òórùn ọtí ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dúró dè é. Bándélé, àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ bá ti Láoyè pààlà, sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọkọ̀ náà á mọ ọ̀nà ilé ju ẹni tó ń wà á lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín sínú. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò sókè.

Monílọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Ore láti fi gaàrí àti aṣọ ilé ìwé ránṣẹ́ sí Jésùtọ́pẹ́. Ó fa Láoyè sẹ́yìn, ó ní, “Bàbá Jésùtọ́pẹ́, ẹ jẹ́ ká dúró di Sátidé tó ń bọ̀. Ọmọ yìí ti yó.”

Láoyè ní a kì í dá ọkọ̀ onílẹ̀ padà. Ó ní bí Akínwọlé bá gbọ́ pé àwọn kọ ọkọ̀, á rò pé ẹlòmíràn ni àwọn fẹ́ fi koko ṣọwọ́ sí. Monílọ́lá ká ìró rẹ̀ sókè, ó gun orí àpò tọ Láoyè àti Bándélé; àwọn mẹ́ta yìí nìkan ló wà lẹ́yìn.

Ore kò jìnnà mọ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Agbégilódò kan ń bọ̀ níwájú, ní ọwọ́ tirẹ̀, ọ̀nà sì gba àwọn méjèèjì. Fọlárìn yà fún un ju bó ṣe yẹ lọ. Táyà bọ́ sínú gọ́tà, píkọ́ọ̀pù fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sì wọ́ ara rẹ̀ lọ síwájú kí ó tó dúró. Agbégilódò kò dúró. Bándélé bọ́ sínú koríko, èjìká rẹ̀ kan yẹ̀. Láoyè dìde, ara rẹ̀ kàn bó díẹ̀ ni. Ó pe ìyàwó rẹ̀, kò dáhùn. Ó wá a lábẹ́ àpò, ó rí i, ó sì fà á jáde sínú koríko. Etí irin ẹ̀yìn ọkọ̀ ti la itan rẹ̀ láti òkè dé orúnkún. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tú jáde gùlù, ó ń dáwọ́ dúró, ó tún ń tú.

Wọ́n fa Fọlárìn náà jáde láti iwájú. Iwájú orí rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì wà lójú rẹ̀. Kò la ojú. Ó ń mí, èémí rẹ̀ sì ń dún nínú imú bíi ti ẹni tó ń hanrun.

Píjò kan tó ń lọ sí Èkó ló dúró. Lawrence ni orúkọ awakọ̀ rẹ̀, èrò méje ló sì wà nínú rẹ̀. Kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó yọ orí láti ojú fèrèsé, ó ní ọkọ̀ òun ti kún. Bí wọ́n bá fẹ́ kí òun gbé ẹnikẹ́ni dé ọsibítù ní Ore, kí àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ láti fún wọn láàyè. Obìnrin kan sọ̀. Olúfúnṣọ́ ló ń jẹ́, oníṣòwò aṣọ láti Oǹdó. Ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó yíjú sí àwọn yòókù, ó ń dúró dè wọ́n.

Mẹ́fà tó kù wo iwájú. Ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ á ba lééṣì òun jẹ́, òde ìgbéyàwó ni òun ń lọ. Òmíràn ní àwọn kọngílá ń dúró de òun ní Èkó. Ọ̀kan ń pe Jésù lábẹ́ ohùn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ìjókòó iwájú rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà. Ore tí wọ́n ń wí yìí, ẹni tó bá sọ̀ ì bá fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Olúfúnṣọ́ ti dé ọ̀dọ̀ Monílọ́lá. Kò pẹ́ kó tó mọ bọ́rọ̀ ṣe rí. Ó pariwo pé obìnrin yìí ni kí wọ́n gbé, kíá. Ṣùgbọ́n Lawrence kò wo Olúfúnṣọ́. Láoyè ló wò, nítorí Láoyè ni àgbà ibẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, ẹnì kan ṣoṣo ni. Èwo ni ká gbé? Ẹ tètè sọ, mi ò fẹ́ wàhálà ọlọ́pàá.”

Láoyè wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo ọmọ onílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là, ọ̀rọ̀ tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá sì jáde.

“Ti bàbá ná.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹsẹ̀ Fọlárìn méjèèjì. Bándélé fi ọwọ́ rẹ̀ tó dára ran án lọ́wọ́. Olúfúnṣọ́ di bùbá Láoyè mú láti ẹ̀yìn, ó bi í pé ìyàwó ta ni obìnrin tó wà nílẹ̀ yìí.

Láoyè ní, “Tèmi ni, mọ̀mọ́.”

“O sì ń gbé èyí tó ń hanrun?”

“Bí ọmọ wọn bá kú sí mi lọ́wọ́, níbo ni mo fẹ́ gbé?”

Wọ́n tẹ́ Fọlárìn sí ibi tí Olúfúnṣọ́ ti dìde. Onílééṣì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lawrence tẹ iná, wọ́n lọ.

Ohun tí Láoyè rò nígbà náà, ó sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn náà: ó rò pé ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀. Ọkọ̀ ń bọ̀ lóòótọ́. Wọ́n ń bọ̀, wọ́n sì ń kọjá. Kò sí awakọ̀ tí kò mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ẹni tó fara pa dé ọsibítù lè sun àgọ́ ọlọ́pàá mọ́jú, kí wọ́n máa bi í pé ṣé kì í ṣe òun ló gbá a. Bándélé já ewé, ó tò ó sí àárín títì. Àwọn ọkọ̀ yà fún ewé. Láoyè àti Olúfúnṣọ́ fi gèlè Olúfúnṣọ́ di itan náà. Gèlè rẹ, wọ́n bọ́ bùbá Láoyè, òun náà rẹ.

Monílọ́lá béèrè omi. Kò sí omi. Láoyè ń sọ fún un pé kó fara balẹ̀, pé ọkọ̀ ti ń bọ̀, pé Jésùtọ́pẹ́ ń dúró de aṣọ rẹ̀.

Monílọ́lá ní, “Bàbá Jésùtọ́pẹ́, mo rí yín.”

Láoyè tún fi ọwọ́ tẹ bùbá náà mọ́ ọgbẹ́.

“Nígbà tí ẹ mú ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rí yín.”

Oòrùn wà lókè nígbà tó kú.

Òkú ni agbégilódò kan gbà láti gbé nígbẹ̀yìn, nígbà tí kò ṣeé gbà là mọ́. Láoyè jókòó lórí igi gẹdú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ lórí itan, Olúfúnṣọ́ jókòó tì í, wọ́n sì wọ Ore bẹ́ẹ̀. Nínú ọgbà ọsibítù, lórí bẹ́ǹṣì, ni wọ́n ti bá Fọlárìn. Wọ́n ti rán iwájú orí rẹ̀, wọ́n sì ti lẹ nǹkan mọ́ ọn. Egungun kankan kò ṣẹ́. Nọ́ọ̀sì sọ fún Olúfúnṣọ́ pé ọtí ló gbé e sùn; nígbà tí wọ́n da omi tútù lé e lórí, ó jí, ó sì ń bèèrè bàtà rẹ̀. Búrẹ́dì ló ń jẹ. Ó rí Láoyè, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jù ú lọ, ó gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì.

“Láoyè, o kú ewu. Ṣé koko ò ṣòfò?”

Akínwọlé wá sí Omifunfun láti kí Láoyè kú ọ̀ràn ìyàwó rẹ̀. Ó sunkún, ẹkún gidi. Ó ní láti òní lọ, ọmọ òun ni Láoyè. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, ó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Odigbo. Ó jó dé iwájú pẹpẹ pẹ̀lú Fọlárìn, ó ní Ọlọ́run ló yan ọmọ òun láàárín òkú, ó sì ní kí Láoyè dìde kí ìjọ lè rí ohun èlò tí Ọlọ́run lò. Láoyè dìde. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ọlọ́run kọ́ ló yan Fọlárìn, Láoyè ni, òun nìkan nínú gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà; ó tún jókòó.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti Olúfúnṣọ́. Ó lọ sọ ohun tó rí fún àwọn ọlọ́pàá, ó lọ léraléra, kò gbà kí wọ́n fi ọ̀la fà á, títí wọ́n fi gbé Fọlárìn dé ilé ẹjọ́ pé ó mutí wakọ̀, ó sì pa ènìyàn. Ìgbà yẹn ni Akínwọlé ránṣẹ́ pe Láoyè àti Bándélé. Ó fún wọn ní ìjókòó nínú pálọ̀, èyí tí kò ṣe rí.

Ó ní, “Bíréèkì ni. Ṣé ẹ gbọ́? Bíréèkì ló já. Òkú ò ní jí nítorí pé ẹnì kan sọ̀rọ̀ ọtí. Oko yín wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án, títí dórí ọmọ yín.” Ó yíjú sí Láoyè nìkan. “Ìwọ náà mọ̀ pé ilẹ̀ ò ní ẹsẹ̀. Àlejò ló ní ẹsẹ̀.”

Nínú àpótí ẹlẹ́rìí, Bándélé ní bíréèkì ni. Ó sọ ọ́ láìgbé ojú sókè. Wọ́n wá pe Láoyè. Akínwọlé jókòó ní iwájú, Bíbélì sì wà lórí itan rẹ̀. Láoyè mọ ohun tó wà nílẹ̀: oko tó fi apá rẹ̀ ṣe, àti ilé ìwé Jésùtọ́pẹ́ tí ó ń ti inú oko náà jáde. Wọ́n bi í pé kí ló fa ìjàǹbá náà. Ó ní ọtí ni. Ó ní gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ òórùn rẹ̀, òun náà gbọ́, ìyàwó òun sì sọ fún òun kí àwọn tó gun ọkọ̀.

Lọ́yà Akínwọlé dìde. Kò bínú. Ó rọra ń bi í bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀.

“Ta ló gbé Fọlárìn sínú ọkọ̀?”

“Èmi ni, sà.”

“Ta ló fi ìyàwó rẹ sílẹ̀ nínú koríko?”

“Èmi ni.”

“Ṣé ẹnì kan yọ àdá sí ọ?”

“Rárá, sà.”

“Ṣé bàbá Akínwọlé wà níbẹ̀, tó ní kí o gbé ọmọ òun?”

“Wọn ò sí níbẹ̀.”

“Nígbà náà, ta lo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lọ́yà wá ṣàlàyé fún adájọ́ pé ọgbẹ́ obìnrin náà kì í ṣe èyí tó yẹ kó pa á. Ìdádúró ló pa á, ọkọ rẹ̀ ló sì dá a dúró. Olúfúnṣọ́ dìde láti ìjókòó rẹ̀, ó bèèrè pé àwọn mẹ́fà tó jókòó sínú Píjò ńkọ́. Wọ́n ní kó jókòó. Adájọ́ dá a lóhùn síbẹ̀, nítorí ó fẹ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn: òfin kò fi dandan lé ẹni tó ń kọjá lọ lórí láti gba ẹnikẹ́ni là. Ẹni tó bá sọ̀, àánú ló ṣe. Ẹni tí kò sọ̀, kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Láoyè bèèrè bóyá òun lè sọ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n gbà fún un.

Ó ní, “Olúwa mi, ká ní ìyàwó mi ni mo gbé, tí ọmọ yẹn wá kú sínú koríko, kí ni ẹ̀ bá sọ fún mi lónìí?”

Adájọ́ ní ìyẹn kọ́ ni ẹjọ́ tó wà níwájú òun.

Ó bu owó ìtanràn lé Fọlárìn pé ó wakọ̀ níwàkuwà. Akínwọlé san án lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì jọ wọ píkọ́ọ̀pù náà, tí wọ́n ti tún ṣe, lọ sílé. Fọlárìn ló wà á. Kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gba oko lọ́wọ́ Láoyè. Bándélé ni wọ́n fún. Láoyè wà ní Ago Alaye báyìí, ó ń ro koko olóko bíi ti ìgbà tó kọ́kọ́ dé, apá rẹ̀ kò sì rí bíi tìgbà yẹn mọ́. Jésùtọ́pẹ́ ti kúrò ní ilé ìwé. Àwọn kan ń kí Láoyè pé olóòótọ́ ni. Ẹ má kí i. Ìgbà tí òótọ́ lè gba ẹnì kan là, kò sọ ọ́.

Ní gáréèjì Ore, wọ́n ṣì máa ń jiyàn ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní ìyàwó ni èèyàn ń kọ́kọ́ gbé, nítorí a lè rí ilẹ̀ mìíràn. Àwọn kan ní ẹni tó ń jẹ lábẹ́ ènìyàn kò lè fi ọmọ olúwa rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á mu bíà sí i, wọ́n á pín sí méjì, ohùn á ròkè. N kò tíì gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn dárúkọ onílééṣì. N kò tíì gbọ́ ọ kí ẹnì kan sọ pé, ká ní ẹnì kan ṣoṣo péré tún sọ̀ lẹ́yìn Olúfúnṣọ́, kì bá tí sí ohun tí wọ́n ń yàn.

Ìwọ tí o ń ka èyí, ó ṣeé ṣe kí o ti dá Láoyè lẹ́jọ́. Ẹjọ́ rẹ̀ kò nira. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ipò Láoyè lo wà. O ti san owó ọkọ̀ rẹ, o ti rí ìjókòó, aṣọ rẹ mọ́, òfin sì wà lẹ́yìn rẹ. Má bèèrè lọ́wọ́ mi mọ́ ta ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé. Ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ, kí o sọ̀ kalẹ̀.